Olùdarí Fíìmù Tó Fi Àyè Kan Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn láti Yurlpawarnu

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Fíìmù àti Rédíò ti ìlú Yurlpawarnu nínú aginjù

Sí Napanangka, aya olóògbé. Sí Màmá Myrtle, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Sí Shenaya, ọmọ rẹ̀. Àti sí gbogbo ẹbí tó wà ní àgọ́ ọ̀fọ̀ lẹ́bàá odò gbígbẹ.

Ọkàn wa wúwo, ọwọ́ wa kò sì yá láti kọ ìwé yìí, nítorí pé bí a bá kọ ọ́ tán, ó ti di òótọ́ nìyẹn pé ẹni tí a kọ ọ́ nítorí rẹ̀ kò ní wọlé wá mọ́ láti bú wa pé tíì wa ti tutù, iṣẹ́ wa sì ń falẹ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ikú ti ṣe wá ní ohun tí a kò lè san padà fún un.

A kò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ti wọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí ẹ̀yin ẹbí yóò fi sọ pé ó tó. Olóògbé ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Lẹ́nu, Kumunjayi ni a ń pè é, bí a ti ń pe gbogbo ẹni tó bá lọ. Ẹ ó ti gbọ́ pé ọ̀dọ́kùnrin tó ń ka ìròyìn òwúrọ̀ lórí rédíò wa, tí òun àti olóògbé jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ti di Kumunjayi láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó rántí, ó gbé e mì, ó sì dákẹ́ pẹ́ débi pé àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀rọ wa ti tún bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹkún ló dá a lẹ́nu dúró.

Kí a tó lọ jìnnà, a fẹ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí ohun tí a mọ̀ pé ó ń jẹ yín lọ́kàn. Ojú olóògbé kò ní yọ lára ògiri ẹnikẹ́ni, ohùn rẹ̀ kò sì ní jáde lórí rédíò wa, àfi ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá yọ̀ǹda rẹ̀. Gbogbo fíìmù tí ojú tàbí ohùn rẹ̀ wà nínú wọn ni a ti kó sí yàrá ìpamọ́. A ti tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ wa mọ́. Ọwọ́ Màmá Myrtle ló wà. Èyí tó kù ni fíìmù ìgbẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí kò tíì parí, tí a kò sì mọ̀ bóyá yóò parí láé. A ó mẹ́nu kàn án nígbà tí a bá dé ìparí ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ bí yóò ti rí, ẹni náà kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú wa.

Olóògbé kò bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nídìí kámẹ́rà. Orí ẹṣin ló wà nígbà ọ̀dọ́, ó ń da màlúù òyìnbó káàkiri ilẹ̀ tó jẹ́ ti baba rẹ̀. Nígbà tí ẹṣin gbé e ṣubú tí ìbàdí rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́, ó di awakọ̀ ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ yẹn náà ló fi ń gbé ẹ̀rọ fíìmù kiri lọ́jọ́ Sátidé, tí yóò ta aṣọ ibùsùn funfun kan mọ́ ara ògiri ilé ìtajà kí tọmọdé tàgbà lè wo àwọn òyìnbó tó ń yìnbọn lu ara wọn. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn kì í fi gbogbo ara wo fíìmù náà, àfi bí ajá kan bá kọjá níwájú aṣọ tí òjìji rẹ̀ sì bọ́ sórí rẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo èrò yóò hó yèè, tí wọn yóò máa pe ajá náà lórúkọ. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti mọ iṣẹ́ tí òun máa ṣe. "Ajá wa ni wọ́n fẹ́ wò," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, "ẹ fi ìbọn yẹn sílẹ̀."

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa rí kámẹ́rà àkọ́kọ́ gbà, òun ló kọ́kọ́ gbé e, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó ya bọ́ọ̀lù. Ó ya ìgbéyàwó, ó ya ìrìbọmi, ó ya ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú níbi tí alága fúnra rẹ̀ ti sùn lọ, ó sì fi ìyẹn hàn lódindi láìgé e. Ó ṣe fíìmù iwin kan tó dára débi pé títí di òní, àwọn ọmọ kan kì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé epo àtijọ́ kọjá bí oòrùn bá ti wọ̀. Nígbà tí àwọn dókítà wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe fíìmù tí yóò kọ́ àwọn ọmọdé láti máa bọ́jú kí ojú wọn má baà fọ́, wọ́n fẹ́ kí ó gbé dókítà kan síwájú kámẹ́rà kí ó máa ṣàlàyé. Ajá tirẹ̀ ló gbé síbẹ̀. Ajá náà jókòó, ó ń fi àwọn ọmọ tí eṣinṣin bò lójú ṣe yẹ̀yẹ́, olóògbé sì ló sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn dókítà bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, omi kò tó mọ́ nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ń ti ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi.

Bí a bá fẹ́ sọ irú ènìyàn tó jẹ́ nídìí iṣẹ́, ìtàn Màmá Lorna nìkan ti tó. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún sọ ọ́, ó ń tù wá nínú. Àwọn agbátẹrù fíìmù wá láti ìlú ńlá pé kí olóògbé wá darí eré kan fún àwọn, eré tòótọ́ tó gùn, tó ní òṣèré. Àwọn fúnra wọn ló yan òṣèré. Wọ́n rìn yí ìlú ká, wọ́n rí Màmá Lorna níwájú ilé ìtajà, wọ́n ní ojú tí àwọn ń wá rèé. Kò sẹ́ni tí wọ́n bi léèrè. Màmá Lorna rèé, ìyá ìyàwó ló jẹ́ sí olóògbé nínú ètò ẹbí wa: kò gbọdọ̀ wò ó lójú, kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ jókòó lábẹ́ ibòji kan náà. Ènìyàn mìíràn ì bá ti kọ iṣẹ́ náà. Olóògbé kò kọ̀ ọ́. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó ń wo igbó, ó sì fi Màmá Myrtle ṣe ẹnu rẹ̀. Jangala tó jẹ́ akọ̀wé wa lónìí ló di kámẹ́rà mú nígbà náà, etí rẹ̀ ló sì fi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀ níbi iná," olóògbé á wí sí inú igbó.

"Ó ní kí ẹ máa bọ̀ níbi iná," Màmá Myrtle á wí.

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́, mi ò dití," Màmá Lorna á dáhùn. "Sọ fún un pé iná yẹn ń rú èéfín, ojú ń ta mí."

"Wọ́n ní iná ń—"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́! Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó máa ta wọ́n, ó dára bẹ́ẹ̀."

Àgbà nínú àwọn agbátẹrù náà wá fa Màmá Myrtle sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí ló dé tí olùdarí ń wo inú igbó láti àárọ̀. "Ó ń ronú ni," Màmá Myrtle dá a lóhùn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ nínú eré náà ni a yà láti ẹ̀yìn Màmá Lorna, láti ọ̀nà jíjìn, nítorí pé olóògbé kò fẹ́ kí kámẹ́rà ṣe ohun tí ojú tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe. Nígbà tí fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn kò rí ibi tí kámẹ́rà ti bọ̀wọ̀ fún obìnrin tó bẹ́ẹ̀ rí. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Síbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n kọ. Màmá Lorna ní kí a fi kún un níhìn-ín pé ẹ̀yìn orí olóògbé nìkan ni òun mọ̀ láyé, ẹ̀yìn orí náà sì jẹ́ ti ọmọlúàbí.

A kò lè kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kí a fo ibi tó dun ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà níbẹ̀. Fíìmù tó ṣe nípa ìyá rẹ̀, bí ìyá ti ń wú ọ̀dùnkún inú aginjù, tó ń bú àwọn ọmọ, tó ń kọrin mọ́ ìdí igi, ni fíìmù tó kọ́kọ́ gbé òkìkí rẹ̀ jáde. Ó fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan láyè láti fi hàn nígbà tí ìyá ṣì wà. Kò pẹ́, ìyá lọ. Olóògbé wà ní àgọ́ ọ̀fọ̀ bí ẹ ti wà yìí, ó fi ẹfun sára, ó ń sunkún, kò sì rántí pé ó yẹ kí òun ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n pa fíìmù náà tì. Ta ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè bá bí kò ṣe àwa? Ó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ bí ó ti yẹ kí ọmọ ṣe é, ọ̀fọ̀ yẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí ó dáàbò bo ojú ìyá náà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn tó kù sílé ń dúró de ìròyìn bọ́ọ̀lù, ni ìyá bá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe ọmọ rẹ̀ pé kí ó gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú òun. Ẹkún gba ilé dé ilé. Màmá Myrtle mú òkúta, ó fi lu orí ara rẹ̀ bí àwọn obìnrin wa ti ń ṣe nínú ọ̀fọ̀. Àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní. Olóògbé dìde ní àgọ́, ó ń tiro lọ láti ilé kan sí òmíràn, ó ń fa wáyà yọ lára ògiri, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó gbé kámẹ́rà tì. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán kiri fún àwọn arúgbó, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ fíìmù mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú wa. Màmá Myrtle tí orí rẹ̀ fọ́ nígbà náà ló pè é padà, ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ èyí. Ó bá a nínú ọkọ̀ oúnjẹ náà, ó gba àwo tirẹ̀, ó wá sọ fún un pé: "O ti jìyà tó. Àwọn ọmọ ti padà sídìí wíwo àwọn tó ń yìnbọn. Lọ gbé nǹkan ẹ."

Ó lọ gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà wo nǹkan ti yí padà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti di tirẹ̀ gan-an. Láti ìgbà náà ló ti ń ya ọwọ́. Ọwọ́ tó ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ tó ń tún táyà ṣe, ọwọ́ arúgbó tó ń ya ọ̀nà sórí iyanrìn tí ó sì ń pa á rẹ́. Ó ń ya ẹsẹ̀, ó ń ya ẹ̀yìn, ó ń ya ilẹ̀ tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Ó ń gba ohùn oníkálukú sọ́tọ̀, kí a lè yọ ọ̀kan láìba ìyókù jẹ́. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá lọ nínú wa, fíìmù náà á lè dákẹ́ níbi tó ti yẹ kó dákẹ́, á sì máa lọ níbi tó ti yẹ kó máa lọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti ilé ẹ̀kọ́ fíìmù, wọ́n ní ìran tuntun ni. Ọ̀kan nínú wọn bi í léèrè bóyá ìlànà iṣẹ́ ọnà kan ló ń tẹ̀lé. "Rárá o," ó dá a lóhùn. "Orí ẹ̀gbọ́n mi ni."

Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ojú yín rí: ìrìn-àjò sí ìlú Alice, ìjókòó nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, àti ìpadàbọ̀ nínú eruku. Nínú àárẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù ìgbẹ̀yìn. Kò sí ojú kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ohùn kankan. Ó kó àwọn opó àgbà ìlú wa jọ, àwọn tó ti gbé ọ̀fọ̀ láìfọhùn rí, nítorí pé opó kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu nílẹ̀ wa títí ọ̀fọ̀ yóò fi parí, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́, tí ọwọ́ wọn sì mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnu ẹlòmíràn lọ. Ó ní kí wọ́n fi èdè ọwọ́ sọ ìtàn àwọn ìyá àtijọ́ tó rìn láti orí òkè pupa títí dé ibi omi. Obìnrin kan á sọ tirẹ̀ dé ibì kan, òmíràn á gbà á níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ó yà tán, ó ku ibi omi.

Inú ọkọ̀ ni a wà, a ń bọ̀ láti Alice, nígbà tí Shenaya tó ń wa ọkọ̀ bi í léèrè ẹni tó máa fi ọwọ́ sọ ìtàn náà débi omi.

"Ìyá ẹ," olóògbé wí.

Shenaya bú sẹ́rìn-ín. "Màámi? Dádì, ọwọ́ wọn ò mọ nǹkan kan sọ ju 'wá jẹun' lọ! Àwọn tí wọn ò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan."

"Wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà má tíì yà á báyìí. Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún wọn."

Màmá Myrtle ló kọ́kọ́ yé. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi na olóògbé léjìká láti ẹ̀yìn, ó sì ń sunkún bó ti ń nà án. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Àní o tún fẹ́ darí òkú ara ẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ darí ẹ̀," olóògbé wí. "Tí mo bá fi í lé Bàbá Àgbà yìí lọ́wọ́, á gbé kámẹ́rà sókè jù." Jangala ló ń pè ní Bàbá Àgbà, nítorí pé ètò ẹbí ló fi í sípò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóògbé ti ń da màlúù kí wọ́n tó bí i. Shenaya dá ọkọ̀ dúró sẹ́bàá ọ̀nà. A sọ̀kalẹ̀, a dáná, a hó tíì, a kò sì tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà títí a fi délé.

A ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àwa la ro ó. A kò ní ro irú rẹ̀ láé. Òun ló rí i pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohùn òun kò ní bọ́ sí i fún gbígbọ́, tí ojú òun kò ní bọ́ sí i fún wíwò, tí aya òun pàápàá kò ní fọhùn. Ó wá ilẹ̀kùn kan tí yóò ṣì wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n aya rẹ̀ ló máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí kò bá fẹ́, kò sí ẹni tó lè fi agbára mú un.

Àwọn elétò àjọ̀dún fíìmù ní ìlú ńlá létí òkun ti pè wá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi pè, a kò ní bú wọn. Wọ́n fẹ́ gbé àwòrán ojú rẹ̀ kọ́ sára ilé gíga kan, wọ́n sì fẹ́ fi fíìmù ìgbẹ̀yìn hàn bó ti wà, láìparí. A ní rárá sí èkíní. A ní èkejì kì í ṣe tiwa láti fún wọn, pé ti opó rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí a fún àwọn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. A ní kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ní ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. A ní ara rẹ̀ yá, opó ni. Ẹni tó wà lórí fóònù wá ní àwọn á dúró. Ọlọ́run á bù kún un fún ìyẹn.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ wa kò parí sórí ìwé. Igi ìdáná, ìyẹ̀fun, tíì, ìrù kangarúù àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kò ní wọ́n ní àgọ́ yín níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà níbẹ̀. Ọkọ̀ wa àti awakọ̀ rẹ̀ wà fún àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kámẹ́rà tó lò ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ̀ ní gúúsù bí àṣà ti wí. Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ẹni tó ni ín, a kò sì jiyàn. Shenaya, ipò rẹ nídìí iṣẹ́ ń dúró dè ọ́. Má kánjú. Sunkún tẹ́rùn.

Ó ku ohun kan, a ti bi Màmá Myrtle léèrè kí a tó kọ ọ́, ó sì ní kí a kọ ọ́. Nígbà tí a wá kí yín ní àgọ́, a bá Napanangka lórí ilẹ̀ láàrin àwọn obìnrin, ẹfun wà níwájú orí rẹ̀, wọ́n ti gé irun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí itan. Gbogbo wa la mọ Napanangka. Ẹ̀rín rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ti dé ilé ìtajà kí a tó rí i. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló wó wa palẹ̀. A jókòó, a sunkún pẹ̀lú yín. Shenaya ti sọ ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ náà fún un, a mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a kò mẹ́nu kan fíìmù, a kò sì mú kámẹ́rà dání. Bí a ti dìde pé kí a máa lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A yíjú padà.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà lọ́ra, ó ń ṣì í, ó ń dá a dúró, ó ń tún un ṣe, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Màmá Myrtle jókòó tì í, ó ń sọ ọ́ fún wa díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní kò tíì yá." Ọwọ́ náà sinmi, ó tún gbéra. "Ó ní òun ṣì ń kọ́ ọ."

Napanangka wá na ìka sí Jangala. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyanrìn.

"Ó ní kí o má gbé kámẹ́rà sókè jù."

Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín, Màmá Myrtle náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu wa. Napanangka kò tíì parí. Ó dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, ó fi ìka fa ìlà kékeré kan sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

"Ó ní kí ẹ má fi àyè òun fún ẹlòmíràn."

Kí Ọlọ́run tù yín nínú, ẹ̀yin ẹbí olóògbé. Kí Ó jókòó tì yín lórí ilẹ̀ bí aládùúgbò ti ń ṣe, kí Ó má sì tètè dìde. Kí Ó wo Màmá Myrtle sàn, ẹni tó ti fara gba ọgbẹ́ púpọ̀. Kí Ó mú ọwọ́ Shenaya dúró ṣinṣin. Kí Ó máa wo ọwọ́ Napanangka, ẹni tí kò fọhùn, kí Ó sì ní sùúrù fún un níbi tó bá ti ṣì í, títí yóò fi débi omi.

Napanangka, àyè rẹ ń bẹ níbẹ̀. A kò ní fún ẹnikẹ́ni.

Àmín.

Desmond Jangala, akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Fíìmù àti Rédíò ti Yurlpawarnu